Ta Ni Ó Ni Ìrántí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi lọ̀ yín, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Bí a bá wò ó lókèèrè, yóò dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìdí rẹ̀ wò, a ó rí i pé ó wúwo. Bí ènìyàn bá ń kó ìrántí àwọn ará ilé rẹ̀ kúrò nínú ohun èlò àtijọ́ tí ó ń bàjẹ́ lọ, tí ó ń kó o sínú ohun èlò tuntun, ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti yọ èyí tí kò wù ú kúrò níbẹ̀? Bí òun kò bá sì ní ẹ̀tọ́ náà, ta ni ó ní in?

Inú ìwé kọ́ ni mo ti rí ìbéèrè yìí. Inú àpótí pákó kan ni mo ti bá a pàdé ní ilé wa ní Igbólé-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì, nígbà tí mo lọ lo ìsinmi. Téèpù fídíò mẹ́tàlá ni ó wà nínú àpótí náà: ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìṣílé. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ìfàkì, yóò mọ̀ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí àwọn òbí wa wà ní ọ̀dọ́, bí ènìyàn bá ń náwó tí ó fẹ́ kí ìnáwó náà gbayì, yóò pe onílù, yóò pe alásè, yóò sì pe oní-fídíò. Lẹ́yìn ìnáwó, wọn a wo téèpù náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọn a fi han àlejò, lẹ́yìn náà wọn a tì í sí abẹ́ ibùsùn. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó a bàjẹ́, ọmọ ilé a sì gbàgbé ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ni ó ní kí n kó gbogbo wọn sínú DVD, nítorí ó ní òun fẹ́ tún gbọ́ ohùn ìyá òun.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí téèpù jẹ́. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa ni èyí tí a ń pè ní VHS, tí ilé-iṣẹ́ JVC ní ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1976. Okùn pẹlẹbẹ oníke ni, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlàjì ínǹṣì. A fi ohun kan bí àtè lẹ ìyẹ̀fun ìpẹtà irin mọ́ ọn lára, ara ìyẹ̀fun yìí sì ni òòfà ń kọ àwòrán àti ohùn sí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ẹ̀rín ìyá àgbà àti ẹkún ọmọ tuntun, orí ìpẹtà ni a kọ wọ́n sí! Ohun tí a sì fi àtè lẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò tú. Ooru ń bá a jà, ọ̀rinrin ń bá a jà. Ní ìgbà òjò ilẹ̀ Èkìtì, téèpù tí a kò tọ́jú a máa bu gẹ́gẹ́ bí búrẹ́dì ti í bu. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a wọ inú rẹ̀. Nínú mẹ́tàlá tí ó wà lọ́wọ́ mi, méjì ti bu tó bẹ́ẹ̀ tí ara wọn funfun bí ẹni tí a fi ẹfun kùn.

Kì í ṣe téèpù nìkan ni ó ń kú. Ẹ̀rọ tí ó ń sọ̀rọ̀ fún un náà ń kú. Ilé-iṣẹ́ Funai ní ilẹ̀ Japan ni ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fídíò yìí, ní oṣù keje ọdún 2016 ni ó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ní 2019, àjọ UNESCO pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán ní gbogbo àgbáyé kìlọ̀ pé àkókò ti ń lọ, pé nígbà tí ó bá fi máa di nǹkan bí ọdún 2025, yóò ṣòro gidigidi láti rí ẹ̀rọ tí ó lè ka téèpù. Ọdún náà ti dé bá wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé òun yóò ṣe é lọ́la, ó ń bá ìpẹtà dá ọjọ́ ni.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù. A ó fi aṣọ mímọ́ àti sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ. A ó fa wáyà olórí mẹ́ta láti ara ẹ̀rọ fídíò bọ́ sí ara ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wọ inú kọ̀ǹpútà. Orí kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè ń gbé àwòrán, funfun àti pupa ń gbé ohùn. Kò sí ọ̀nà àbùjá: téèpù wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni yóò gbà. Bí iná bá lọ, a ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá kọ ọ́ sórí díìsìkì. DVD kan lásán kì í gbà ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ bí a bá fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ dára, nítorí náà téèpù kan lè di díìsìkì méjì. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò lè ṣe é kí ó má wo ohun tí ó ń gbé. Yóò jókòó ti gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú kan kò ní ré e kọjá. Ó di ẹlẹ́rìí, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀.

Ìbéèrè kan máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó bá jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí ó wà nínú díìsìkì yìí, ohun kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú téèpù? Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ti bi ara wọn ní irú rẹ̀ rí. Plutarch sọ nípa ọkọ̀ Theseus tí wọ́n ń pààrọ̀ pákó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jẹrà, tí àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn bóyá ọkọ̀ kan náà ni tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n a kò nílò láti lọ sí ilẹ̀ Gíríìkì. Kí páànù tó dé ilẹ̀ wa, ewé gbòdògì ni a fi ń bo ilé. Ewé náà a gbẹ, a jẹrà, a sì bu òmíràn bò ó. Ọmọ a dàgbà lábẹ́ ewé tí bàbá rẹ̀ kò fojú rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ilé bàbá rẹ̀ kọ́ ni ó ń gbé. Kí ni ó mú kí ó jẹ́ ilé kan náà? Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó pààrọ̀ ewé kò mú ògiri kúrò, kò sì ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará ilé síta.

Ẹ̀kọ́ èdè tí mo ń kọ́ náà ràn mí lọ́wọ́ níhìn-ín. Ẹni tí ó ń kó àwòrán láti inú téèpù sínú díìsìkì kò yàtọ̀ sí ògbufọ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun kan kò lè ṣàì bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí kò sí èdè méjì tí ó rí bákan náà. A kì í bá ògbufọ̀ jà nítorí èyí tí ó bọ́. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá fo odidi orí kan nítorí pé ìtàn ibẹ̀ kò dùn mọ́ ọn nínú, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni yàtọ̀ sí ohun tí ẹni jù nù. Bákan náà ni ti téèpù. Àwòrán a máa ṣú díẹ̀, ìlà funfun a máa kọjá lójú rẹ̀, ohùn a máa wọlẹ̀; ìyẹn ni ohun tí ó bọ́. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò kan ìyẹn. Ohun tí a jù nù ni ó kàn.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà ju nǹkan nù. Èkíní, wọn a máa fi orin bo ohùn. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tí ń bá ènìyàn ṣe iṣẹ́ yìí gbà pé ariwo ni ohùn tí ó wà nínú téèpù, pé kí a yọ ọ́, kí a fi àwo orin olókìkí kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ní ilé wa, ohùn tí wọn ìbá yọ ni ohùn ìyá bàbá mi, ẹni tí ó kú kí n tó gbọ́n. Nínú téèpù ìṣílé kan, ó ń ṣàdúrà fún onílé, ó sì ń sọ Èkìtì tí kò ní àbùlà: ó ń pe ilé ní *ulé*, ó ń pe iṣu ní *uṣu*. Èmi tí a bí sí ìgboro, *ilé* ni mo mọ̀. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kan tí ó lè kọ́ mi ní bí ohùn náà ṣe ń lọ sókè sódò ní ẹnu rẹ̀. Bí a bá fi orin bò ó, ẹnu rẹ̀ yóò máa mì lásán bí ti ẹja inú omi.

Ọ̀nà kejì ni ó le jù, nítorí kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó ń fà á. Ìpinnu ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí ní ilé wa, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Téèpù tí ó pẹ́ jù nínú àpótí náà ni ti ìsìnkú bàbá àgbà, ní 1994. Ní apá kan níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ àtíbàbà, gbogbo wọn nínú aṣọ ẹbí kan náà. Ẹni tí ó ṣíwájú wọn ni ìyàwó àkọ́fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi. Òun ni ó ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oní-fídíò fi dojú kọ ọ́, nítorí ohùn rẹ̀ dùn, ijó rẹ̀ sì dára. Ní 1998, obìnrin yìí kúrò ní ilé wa. Ìjà ni ó gbé e lọ, ọ̀rọ̀ burúkú sì kọjá láàrin ẹbí méjèèjì. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ó kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí fún wa, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ. Gbogbo fọ́tò ìyá rẹ̀ ni a ti fà ya nígbà ìjà. Èmi a máa pè é ní Àǹtí, nítorí ó jù mí lọ. Ó ti di abiyamọ nísinsìnyí, kò sì mọ bí ojú ìyá rẹ̀ ti rí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe olórí ẹbí wa, gbọ́ pé mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, “Iṣẹ́ tí o ń ṣe yẹn dára, Olúwa yóò fún ọ lágbára. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń lé orin yẹn, yọ ọ́ kúrò. Gbogbo ilé ni yóò wo fídíò yìí nígbà Kérésìmesì. Ìyàwó tí ó wà nílé yóò wò ó, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wò ó. Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn.” Mo ní, “Mo gbọ́, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ kí n fi ro bí n ó ti ṣe é.” Wọ́n gbà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo gbé e yẹ̀ wò dáadáa, mo sì rí ìdí mẹ́ta tí ó tì í lẹ́yìn. Ìdí kìíní ni àlàáfíà ilé. Ìyàwó tí ó wà nílé ti tọ́ ọmọ olọ́mọ dàgbà, kò sì yẹ kí a fi ijó ẹlòmíràn san án lẹ́san lójú àwùjọ. Ìdí kejì ni pé ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ọkàn ènìyàn bá ń rántí gbogbo ohun tí ó ti dùn ún rí, kò ní lè jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ìdí kẹta ni pé àgbà ni ó sọ ọ́, àti pé ilé tí ọmọdé ti ń dá ṣe ohun tí ó wù ú, ilé náà kò ní pẹ́ tú.

Síbẹ̀, mo rí i pé àwọn ìdí mẹ́ta yìí kò tó láti fi pa ìrántí rẹ́. N ó dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àlàáfíà ilé, ohun tí ó ń ba àlàáfíà jẹ́ ni fífi han, kì í ṣe wíwà. Òwe tí bàbá fi lé mi lọ́wọ́ gan-an ni ó ní ìdáhùn nínú. Òótọ́ ni, gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Ṣùgbọ́n kí ni à ń fi aṣọ tí a kò sá ṣe? Inú àpótí ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí. A kì í tìtorí pé a kò fẹ́ kí aládùúgbò rí i, kí a dáná sun ún. Ẹni tí ó pa òwe náà mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìpamọ́ àti ìparun. Àwa ayé òde òní ni a fẹ́ gbàgbé rẹ̀, nítorí pé lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì kan náà ni ó jọ pé ó ń ṣe méjèèjì.

Ní ti ìgbàgbé, òótọ́ ni pé ọkàn ní ẹ̀tọ́ láti gbàgbé ohun tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti gbàgbé fún ẹlòmíràn. Bàbá mi lè gbàgbé obìnrin náà, olórí ẹbí lè gbàgbé rẹ̀, ọkọ rẹ̀ àná pẹ̀lú lè gbàgbé. Àǹtí ńkọ́? Òun kò tíì rántí rí, ohun tí ènìyàn kò sì rántí rí, kò lè gbàgbé rẹ̀. Bí mo bá gé ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, mo ti bá a yan ohun tí kò rán mi. Àwọn baba wa kò sì bẹ̀rù ìrántí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo oríkì wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ́tí sí oríkì orílẹ̀ dáadáa yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn nìkan ni ó wà níbẹ̀. A ń ki ìran ènìyàn mọ́ ìjà tí wọ́n jà, mọ́ gbèsè tí wọ́n jẹ, nígbà mìíràn mọ́ ohun tí ojú ń tì wọ́n láti sọ. Ọmọ wọn a sì máa wú bí a ti ń kì í. Kò gé ohunkóhun kúrò, síbẹ̀ kò tú ilé.

Ní ti ọ̀rọ̀ àgbà, mo gbà pé kò yẹ kí ọmọdé gbọ́n ju àgbà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbà kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbà ni bàbá àgbà tí a ń sin ní ọjọ́ náà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi orin sìn ín lọ sí ilé, òun kọ́ ni ó sì lé e jáde. Ọ̀rọ̀ ìrántí dà bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí. A kò lè sọ pé ti àwa tí a wà láàyè nìkan ni. Ti àwọn tí ó ti lọ ni, ti àwọn tí a kò tíì bí ni pẹ̀lú. Olórí ẹbí ní àṣẹ láti sọ ẹni tí yóò dáko síbẹ̀ ní ọdún yìí. Kò ní àṣẹ láti dá tà á kí ọmọ tí ń bọ̀ má rí ibi dúró sí. Èyí ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń kó ìrántí láti inú téèpù sínú díìsìkì, olùtọ́jú ni, kì í ṣe olówó rẹ̀. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ náà kì í ṣe olówó rẹ̀.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo ni mo ń fẹ̀ lójú tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó tóbi ju ilé kan lọ. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ọkọ̀ Appam tí ó gbé ìwé náà lọ ní 1916 tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun nígbà ogun. Ní 1921 ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn Johnson. Inú ìwé wọn ni a sì ti ka ìwà ìnilára tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn hù ní ilẹ̀ Èkìtì, àti bí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ṣe dìde sí wọn ní 1878, tí ogun Kírìjì sì tẹ̀lé e. Dókítà náà ni ó ń gbé ìrántí láti inú àpò kan sí òmíràn. Kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti gé ohun tí kò buyì fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, àwa ọmọ Èkìtì ni ìbá pàdánù, a kò sì ní í mọ̀ pé a pàdánù.

Àwọn tí ó lágbára jù wá lọ náà ti fi owó kọ́gbọ́n. Iléeṣẹ́ BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa ọ̀pọ̀ téèpù eré tẹlifíṣàn àwọn ọdún 1960 rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù lò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ẹ̀dà wọn káàkiri ayé. Ní 2009, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà sọ pé ó dà bí ẹni pé a ti pa téèpù àkọ́kọ́ tí a fi gba àwòrán ìrìn ènìyàn lórí òṣùpá ní 1969 rẹ́, kí a lè kọ nǹkan mìíràn sí i. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó rò pé òun ń ṣe ibi. Ohun tí ó wúlò lójú tiwọn ní ọjọ́ náà ni wọ́n tọ́jú. Ojú ọjọ́ kan ṣoṣo kò sì tó láti fi mọ ohun tí ọ̀la yóò béèrè.

Mo padà lọ bá olórí ẹbí. Mo ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ àgbà ni ẹ sọ, n kò sì wá jiyàn. Aṣọ tí a kò sá lóòrùn, inú àpótí ni à ń kó o sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe odidi kan, kí n sì ṣe kékeré kan tí gbogbo ilé yóò máa wò.” Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá béèrè pé, “Ọwọ́ ta ni odidi náà yóò wà?” Mo ní, “Ọwọ́ yín ni, bàbá, àti ọwọ́ Àǹtí.” Wọ́n ní, “Kọ nǹkan sí i lára dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbé.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Àǹtí wo tirẹ̀ ní yàrá, òun àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ohun tí ó sọ fún mi kò ju pé òun kò mọ̀ pé ìyá òun ga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa bi mí bóyá irọ́ kọ́ ni kékeré tí a ṣe yẹn. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé yóò di irọ́ bí a bá pè é ní odidi, tàbí bí a bá fi àwòrán mìíràn dí ibi tí a gé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. A kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé kì í ṣe odidi. Ibi tí a gé ṣófo, òkùnkùn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì béèrè ni a ó sọ fún. Dídákẹ́ yàtọ̀ sí irọ́ pípa, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó dákẹ́ bá mọ ibi tí òótọ́ wà, tí kò sì sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù.

N kò sọ pé kò sí ààlà. Ẹni tí a ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, tàbí ní ìhòòhò, tàbí tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ya òun, ọlá tirẹ̀ ga ju ìrántí wa lọ. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí a pa á rẹ́, kí a pa á rẹ́. Àti pé gbígbé fídíò ilé sórí Facebook kí gbogbo ayé máa fi ṣe ẹ̀rín, aṣọ ẹlẹ́ni ni a ń sá lóòrùn yẹn. Títọ́jú odidi kò fún wa ní àṣẹ láti fi odidi han gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìsinmi ń bọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ béèrè àpótí. Bí ẹ bá rí i, ẹ kó gbogbo rẹ̀ láìṣa èyí tí ó dùn. Ẹ jẹ́ kí ohùn wà bí ó ti wà. Ẹ mú àgbà kan jókòó tì yín, kí ó máa dárúkọ àwọn tí ó ń kọjá, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwòrán tí a kò mọ orúkọ ẹni inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àjèjì. Ẹ má sì da téèpù nù, nítorí díìsìkì náà kò ní wà títí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò tilẹ̀ ní ojú tí a ń kì í bọ̀ mọ́, ọmọ tiwa yóò sì ní láti tún un kó lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ náà, òun náà yóò jókòó níwájú ẹ̀rọ, yóò máa wo àwọn tí kò mọ̀ rí. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ nìkan ni yóò rí.